Kò Sẹ́ni Tó Fọwọ́ Kàn Án

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé ẹ ti purọ́ fún ọmọ yín rí, irọ́ kékeré tí ẹ ti gbàgbé kí omi orí iná tó hó?

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò lè gbàgbé tirẹ̀. Ó ń bá a jí láràárọ̀.

Opó ni. Ọmọ méjì ló bí, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà ládùúgbò, àdúrà òwúrọ̀ kì í sì í yẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni àkọ́bí rẹ̀ kọ́, ìdí nìyẹn tí tèwe tàgbà fi ń pè é ní Ìyá Awọnlẹ̀. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, á dà bíi pé wọ́n fún un lẹ́bùn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, iléeṣẹ́ kan ń gbẹ́ kòtò ìpìlẹ̀ ilé alájà púpọ̀. Kòtò náà jìn débi pé bí ènìyàn bá yọjú wò ó, òòyì á kọ́ ọ. Iléeṣẹ́ yẹn ló gba ọmọ rẹ̀ síṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kó máa ṣọ́ àwọn ilé tó yí kòtò ká, kó máa wò ó bóyá wọ́n ń rìn.

"Ilé ń rìn kẹ̀?" Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. "Awọnlẹ̀, bó o bá pàdé ṣọ́ọ̀bù tèmi lójú ọ̀nà, bá mi sọ fún un pé kó ra òwú bọ̀."

Aránṣọ ló háyà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé náà, lápá ibi tó kọjú sí kòtò. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé àbúrò Ìyá Awọnlẹ̀ ni. Wọ́n jọ ń lọ sí ìpàdé àdúrà, wọ́n jọ ń bọ̀.

"Àǹtí, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," ni Awọnlẹ̀ dá a lóhùn. "Bí wọ́n bá ti gbẹ́lẹ̀ jìn báyìí, ilẹ̀ etí kòtò á fẹ́ máa ṣí lọ síbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n tí ojú lásán ò lè rí. Òun ni jígí yìí máa bá wa rí."

Jígí náà kò tóbi ju ọmọrí ìgò lọ. Awọnlẹ̀ fi gọ́ọ̀mù líle lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìyá rẹ̀, lókè fèrèsé Aránṣọ, bó ṣe lẹ òmíràn mọ́ ilé àwọn aládùúgbò. Láràárọ̀, yóò dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀ lódì kejì kòtò, yóò máa fi wo jígí wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ náà á sọ fún un bóyá jígí kan ti kúrò níbi tó wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìlà pupa kan wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí jígí ilé kan bá sún dé ìlà yẹn, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró, àwọn tó ń gbé inú ilé náà sì gbọ́dọ̀ kó jáde.

"Màámi, ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín," ó sọ fún ìyá rẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan jígí yẹn. Bó bá ṣèèṣì jábọ́ pàápàá, ẹ má lẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ pè mí."

"Ọkọ mi, kí ni mo fẹ́ fi jígí tí kò gba ojú ènìyàn ṣe?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń jẹun, ọmọ náà gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Màámi, ilé wa ń sún o."

"Kí lo wí?"

"Kò tíì kan ìlà, àmọ́ ó ti ń súnmọ́ ọn. Ó lè di pé ẹ máa lọ bá ẹ̀gbọ́n yín gbé fúngbà díẹ̀."

"Nígbà tí àwọn àna àbúrò rẹ ń bọ̀?" Ìyá rẹ̀ ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé inú ilé onílé ni kí n ti gba àlejò ọmọ mi?"

"Mi ò tíì ní kẹ́ ẹ lọ, Màámi. Mo kàn ní kẹ́ ẹ mọ̀ ni."

Ó mọ̀. Bí yóò ṣe múra de àlejò ló gbà á lọ́kàn jù. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ìdílé ọkùnrin náà sì jẹ́ ìdílé tó rí jájẹ. Ẹ̀gbẹ́ kòtò ni wọn yóò gbà wọlé, ògiri ibẹ̀ sì ti dọ̀tí, eruku iṣẹ́ ti sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú.

Lọ́jọ́ ìsinmi tí iléeṣẹ́ kò ṣiṣẹ́, tí ọmọ rẹ̀ rìnrìn àjò lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, òun àti Aránṣọ gbé àkàbà, wọ́n po ọ̀dà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kun ògiri. Nígbà tí wọ́n dé ibi jígí, ó fara balẹ̀ kùn ún yí i ká, kò jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dúró lókèèrè, wọ́n wò ó. Ògiri ń tàn, àfi òrùka ìdọ̀tí tó ṣẹ́ kù yí jígí ká.

"Ìyá Awọnlẹ̀," ni Aránṣọ wí, "ó dà bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín tán lẹ́nu Ìyá Awọnlẹ̀. Ó ń wò ó ṣáá. Ó ń fojú inú rí i bí ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀ ṣe máa gbójú sókè, tí ojú rẹ̀ máa dúró síbi àbààwọ́n yẹn nìkan nínú gbogbo ilé.

Ó wọlé lọ mú ọ̀bẹ.

"Ọmọ yín ò ní ká má fọwọ́ kàn án ni?"

"Màá dá a padà síbi tó wà. Di àkàbà mú."

Jígí kò tètè ṣí. Nígbà tó máa ṣí, ó bá ègé sìmẹ́ńtì bọ̀. Ó fi ọ̀bẹ ha ojú ibẹ̀ títí ó fi tẹ́jú, ó kùn ún, ó dúró kó gbẹ, ó wá fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ bàtà lẹ jígí padà.

"Ṣé o rí i? Ojú kan náà ni."

"Mo rí i. Àmọ́ ẹ sọ fún un o."

"Màá sọ fún un."

Ní ọjọ́ kejì, kò tíì tó àsìkò oúnjẹ ọ̀sán tí Awọnlẹ̀ fi dé, kò bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Màámi, mo rí i pé ẹ ti kun ògiri. Ó dáa gan-an. Ṣé ẹ yọ jígí ni?"

Àsìkò nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó sọ. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, ọmọ náà á sáré lọ sọ fún ọ̀gá, àwọn ẹnjiníà á dé, wọ́n á tún ògiri wò, wọ́n á ní kí àwọn kó jáde. Àwọn àna sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé tán.

"A kùn ún yí i ká ni," ó dáhùn.

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án?"

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

Ọmọ náà fi ọwọ́ nu ojú. "Ó yà mí lẹ́nu. Ẹ̀rọ ní ògiri ti padà sẹ́yìn. Ògiri tó ti ń fì sí kòtò kì í dédé padà, Màámi. Mo nu ojú ẹ̀rọ, mo tún un wò, ohun kan náà ló ń sọ. Àwọn jígí yòókù ò yẹ̀."

"Bóyá Ọlọ́run ló gbọ́ àdúrà wa."

Kò fi orúkọ Ọlọ́run bo irọ́ rí láyé rẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Àmín o," ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nírọ̀lẹ́, ó sọ bó ṣe lọ fún ìyá rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn.

"Ọ̀gá bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní, ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀, ìyá mi kì í purọ́. Ló bá ní, a jẹ́ pé ooru oòrùn ló ti ń da ẹ̀rọ láàmú látẹ̀yìnwá. Ó ní kí n pa gbogbo ti tẹ́lẹ̀ tì, kí n máa kà á láti òní lọ."

Ẹ jọ̀ọ́, kó yé yín. Ibi tí ìyá fi ọ̀bẹ ha ti jẹ́ kí jígí wọnú ògiri díẹ̀, ẹ̀rọ sì kà á sí pé ògiri ló padà sẹ́yìn. Gbogbo ìrìn tí ògiri yẹn ti rìn sí ọ̀nà kòtò di ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ibi tó rìn dé di ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe kù díẹ̀ kó kan ìlà pupa, ìlà náà tún sún jìnnà réré sí i. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé kí awọnlẹ̀ gun àkàbà lọ wo jígí nítòsí bí òǹkà rẹ̀ bá ṣe ségesège. Awọnlẹ̀ kò gun àkàbà. Ìyá rẹ̀ ti sọ̀rọ̀.

Àwọn àna wá. Wọ́n yin ilé, wọ́n yin ọmọ. Ìyá ọkọ tilẹ̀ fi ọwọ́ kan ògiri náà, ó béèrè ibi tí wọ́n ti ra ọ̀dà. Ìyá Awọnlẹ̀ ti rò ó pé bí wọ́n bá ti lọ tán lòun máa sọ fún ọmọ òun. Wọ́n lọ tán. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, kò rí ibi tó máa bá bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti pẹ́ nínú, kò mọ ọ̀nà àbájáde mọ́.

Nígbà tó yá, Aránṣọ wá bá a nínú ilé ìdáná.

"Ilẹ̀kùn mi ti ń ṣagídí. Lánàá, ìdí ni mo fi tì í kó tó pa dé."

"Bóyá òjò ló jẹ́ kí pákó wú."

"Òjò wo? Ìgbà wo ni òjò ti rọ̀ kẹ́yìn?" Aránṣọ fà á lọ́wọ́ lọ síbi máṣíìnì rẹ̀. Lẹ́yìn máṣíìnì náà, ògiri ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fẹ̀ tó ibi tí ìka lè wọ̀. "Ìyá Awọnlẹ̀, ẹ sọ fún ọmọ yín pé a yọ jígí yẹn, àbí?"

Èyí ni irọ́ kejì. Èyí ló wúwo jù.

"Mo ti sọ fún un."

"Kí ló wí?"

"Ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀."

Aránṣọ mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Bí Awọnlẹ̀ bá ti ní kò sí nǹkan, kò sí nǹkan náà nìyẹn. Ẹ̀rù ti ń bà mí tẹ́lẹ̀." Ó mú aṣọ oníbàárà kan tó ti rán tán, ó fi í kọ́ síbi tó sán kó má baà máa rí i, ó sì jókòó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, Ìyá Awọnlẹ̀ ń gbàdúrà lórí ògiri náà. Ó ń kúnlẹ̀ títí orúnkún fi ń dùn ún. Ó bẹ Ọlọ́run kó di ògiri mú. Kò bẹ̀ ẹ́ rí pé kó fún òun ní ìgboyà láti dìde, kí òun rìn dé yàrá ọmọ òun.

Àwo ló ń fọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ó gbọ́ ariwo kan bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ tuntun ya. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ mì, eruku gba ojú fèrèsé. Nígbà tó máa jáde, kò sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ògiri tó kùn ti wó lọ sínú kòtò, òrùlé sì ti dà wó lórí ibi tí Aránṣọ máa ń jókòó sí; ìyókù ilé nìkan ló ṣì dúró.

Ọmọ rẹ̀ ti òdì kejì sáré bọ̀. Ọwọ́ lásán ló fi ń wú bíríkì. Ó ń pariwo, "Àǹtí! Àǹtí, ẹ dá mi lóhùn!" Wọ́n gbé e jáde láàyè.

Nílé ìwòsàn, ọkọ Aránṣọ, bàbá kan tó ń tún aago ṣe, kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kó lọ ra oògùn wá, Ìyá Awọnlẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ló dúró ti aláìsàn. Awọnlẹ̀ ń sunkún bí ọmọdé.

"Má sunkún mọ́," ni Aránṣọ wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ. O ní kò sí nǹkan níbẹ̀, bó ṣe yé ọ nìyẹn. Ẹ̀rọ náà máa ń ṣì ènìyàn lọ́nà."

"Èmi kẹ̀, Àǹtí? Ìgbà wo ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Nígbà tí màmá rẹ sọ fún ọ pé a yọ jígí, tí a kun abẹ́ rẹ̀, tí a lẹ̀ ẹ́ padà…"

Awọnlẹ̀ yíjú sí ìyá rẹ̀. Kò bínú. Ì bá sàn ká ní ó bínú. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tó ń wá ojúlùmọ̀ láàárín èrò tí kò rí i.

"Ẹ yọ ọ́, Màámi?"

"Mo fẹ́ sọ fún ọ. Gbogbo ìgbà ni mo fẹ́ sọ fún ọ."

Aránṣọ ń wo ìyá, ó ń wo ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà yé e díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì rí i bó ṣe ń yé e.

"Ẹ ò sọ fún un," ó ní.

Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Kò tún bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tó fi kú.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Gbọ̀ngàn kún. Ọ̀gá iléeṣẹ́ ní ohun tí awọnlẹ̀ òun sọ fún òun lòun tẹ̀ lé. Wọ́n pe Awọnlẹ̀ síwájú.

"Kí ló dé tí o kò fi gun àkàbà lọ wo jígí náà nítòsí?"

"Ẹ̀bi mi ni."

"Ṣé o tilẹ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé inú ilé náà bóyá ẹnì kan fọwọ́ kàn án?"

Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ó fi ìborùn bo ẹnu. Awọnlẹ̀ kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Rárá," ó dáhùn. "Mi ò béèrè."

Ọ̀gá rẹ̀, tó mọ̀ pé ó béèrè, gbójú sókè, ó wò ó, ó sì tún wo ilẹ̀. Irọ́ yẹn rọrùn fún òun náà. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Apànìyàn!" Àwọn mìíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò dìde.

Níta, ó di ọmọ rẹ̀ lápá mú. "Kí ló dé tó o fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò lè fi ọwọ́ ara mi fa ìyá mi lé wọn lọ́wọ́."

"Ọkọ mi…"

"Mo fi ẹnu mi yìí sọ fún ọ̀gá pé ìyá mi kì í purọ́, Màámi." Ó rọra gba apá rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. "Ẹ ṣèlérí ohun kan fún mi. Bàbá Oníaago gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Kó má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bẹ́ ẹ bá ti sọ fún wọn tán, ẹ wá sọ níbí."

"Mo ṣèlérí."

Ọmọ náà kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó rọrùn láti ṣèlérí. Nígbà àkọ́kọ́ tó lọ síbi tí Bàbá Oníaago ti ń ṣiṣẹ́, kò fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo, ló bá mú aago ara ògiri ilé rẹ̀ dání. Bàbá náà tú u, ó wò ó yíká, ó dé e padà.

"Ìyá wa, aago yìí ò ní nǹkan kan. Ó ń lọ geere."

"Mo rò pé ó ń pẹ́ lẹ́yìn ni."

Bàbá náà wò ó tàánú-tàánú. "Mo mọ ohun tó gbé yín wá. Ẹ má fìyà jẹ ara yín. Ọmọ yín ló ṣẹ̀ mí, ẹ̀yin ò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀yin ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò sọ ohun tí kò dáa nípa yín rí títí ó fi kú."

Ìyá Awọnlẹ̀ gbé aago rẹ̀ mọ́ àyà, ó padà sílé, ó sunkún dé ibi pé omijé tán. Ó tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dé ìkóríta, ó padà. Ọmọbìnrin rẹ̀ bi í pé kí ló ń mú un rù báyìí, ó ní àárẹ̀ ni.

Nígbà tó ṣe, ìròyìn dé pé ìgbìmọ̀ fẹ́ jókòó fún ìgbà ìkẹyìn. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n má jẹ́ kí Awọnlẹ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ mọ́ láyé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó kúnlẹ̀ láti gbàdúrà bó ṣe máa ń ṣe, kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Ó dìde, ó wọ bàtà, ó jáde. Kò mú nǹkan kan dání.

Bàbá Oníaago ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn ni. Ìyá Awọnlẹ̀ kò jẹ́ kó kí òun tán.

"Èmi ni mo yọ jígí náà. Èmi àti ìyàwó yín la jọ kun ògiri, àmọ́ ọwọ́ mi ló yọ ọ́. Ọmọ mi bi mí, mo ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ìyàwó yín bi mí bóyá mo ti sọ fún ọmọ mi, mo ní mo ti sọ. Ìdí nìyẹn tó fi jókòó síbẹ̀."

Bàbá náà dúró, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rọra sọ ọ́, ó fi ti aṣọ tí Aránṣọ fi kọ́ sójú ibi tó sán kún un, torí ó gbà pé ó yẹ kí ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rù ti kọ́kọ́ ba ìyàwó òun.

Bàbá náà jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Kò bú u, kò sì dárí jì í. Nígbà tó dìde, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ padà.

"Ẹ máa lọ níwájú," ó ní. "Mi ò fẹ́ bá yín rìn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ ọ bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́ níbẹ̀."

Ó ń lọ níwájú, bàbá náà ń bọ̀ lẹ́yìn lókèèrè, títí wọ́n fi dé gbọ̀ngàn. Ọmọ rẹ̀ ti jókòó sórí àga níwájú gbogbo ènìyàn, ó tẹrí ba. Ìyá náà kò jókòó sẹ́yìn lọ́tẹ̀ yìí. Ó rìn dé iwájú, ó bọ́ ìborùn kúrò lẹ́nu.

"Ta ni yín, màmá?" ni alága béèrè.

"Èmi ni ìyá rẹ̀," ó ní. "Ó béèrè lọ́wọ́ mi. Mo purọ́ fún un."